Ojúurin: Ìtàn Àwọn Tí Ń Gbé Ẹ̀bá Ọ̀nà Rélùwéè ní Agbègbè Ìbàdàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ ti rí fún ọmọ ènìyàn náà ni ó rí fún àdúgbò. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti àárín ìlú Ìbàdàn lọ sí apá Akóbo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, yóò gbọ́ tí àwọn ọmọ ọkọ̀ ń ké pe “Ojúurin.” Bódìjà pẹ̀lú ní Ojúurin tirẹ̀. Orúkọ yìí ti di ohun tí à ń pè lójoojúmọ́ débi pé ènìyàn lè pè é fún ọdún pípẹ́ láì ronú sí ìtumọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìtumọ̀ náà kò fara sin rárá. Ojú irin ni, ibi tí ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ ti kọjá lórí irin rélùwéè.

Kì í ṣe ọba ni ó fi orúkọ yìí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe jagunjagun. Irin méjì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ gbalaja ni ó fi í sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì tẹ́ irin náà, oko ni ibẹ̀. Èyí fi hàn pé ìtàn rélùwéè ní ilẹ̀ Ìbàdàn kò tán sórí gómìnà, owó òyìnbó àti ibùdókọ̀ Dùgbẹ̀ nìkan. Ìtàn àwọn ará oko tí ọ̀nà irin gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìtàn àwọn tí ilé wọn ń mì bí ọkọ̀ bá ń kọjá, tí wọ́n sọdá irin kí wọ́n tó dé odò, kí wọ́n tó dé oko, kí wọ́n tó dé ilé-ìwé. Ìtàn àwọn wọ̀nyí ni àròkọ yìí fẹ́ tọ pinpin rẹ̀.

Kí Irin Tó Dé

Ṣáájú kí rélùwéè tó dé, orí ènìyàn ni ọkọ̀ ẹrù ní ilẹ̀ Yorùbá. Orí ni wọ́n fi ń ru epo pupa, èkùrọ́ àti òwú láti ilẹ̀ Ìbàdàn lọ sí ẹ̀bá òkun. Orí náà ni wọ́n fi ń ru iyọ̀, aṣọ àti ìbọn bọ̀. Ìrìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ ni, ewu sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tún mú kí ọ̀nà le sí i. Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, tí ọ̀nà Èkó wà lọ́wọ́ wọn, máa ń ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́ láàárín wọn. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní ibùdó wọn.

Láàárín àkókò yìí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Èkó na ọwọ́ sí òkè. Wọ́n ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní 1892. Ní 1893, àwọn ìjòyè Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Adelé Gómìnà George Denton, wọ́n sì fi ọ̀gá ológun kan, Robert Bower, ṣe Ajẹ́lẹ̀ sí Ìbàdàn. Ìgbà tí ọ̀nà ti là báyìí, ohun tí ó kù lójú wọn ni bí ẹrù yóò ṣe máa yára dé etí òkun, àti bí ọmọ ogun yóò ṣe máa yára gòkè bí ọ̀rọ̀ bá dé. Ohun méjèèjì yìí ni wọ́n rò kí wọ́n tó gbé rélùwéè kalẹ̀. Kò sí ará abúlé kankan tí wọ́n jókòó tì láti bi í ibi tí ó fẹ́ kí irin gbà.

Irin Wọ Ilẹ̀ Ìbàdàn

Ọdún 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìhà Èkó. Irin náà gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ó kan Abẹ́òkúta, ó gba Omi-Àdìó, ó sì wọ Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹta, 1901, Gómìnà William MacGregor ṣí ọ̀nà náà ní gbangba. Baálẹ̀ Fájìnmí ni ó wà lórí oyè ní Ìbàdàn nígbà náà. Gígùn ọ̀nà náà láti Èkó dé Ìbàdàn tó nǹkan bí kìlómítà 193. Àlàfo tí ó wà láàárín irin méjèèjì kò ju mìlímítà 1,067 lọ. Irú irin tóóró bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yàn nítorí pé kò ná owó púpọ̀, ó sì rọrùn láti yí i po òkè àti àfonífojì.

Ọmọ Yorùbá ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó la ọ̀nà náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n fi àdá ṣán igbó, tí wọ́n fi ọkọ́ wa ilẹ̀, tí wọ́n sì fi agbọ̀n ru erùpẹ̀. Òpìtàn Wálé Oyèmákindé, tí ó ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, jẹ́ kí ó yé wa pé ìtàn rélùwéè jẹ́ ìtàn àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ibi iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ gba owó ọ̀yà. Títí di ìgbà náà, iṣẹ́ àáró, ọ̀wẹ̀ àti ìwọ̀fà ni ará oko mọ̀. Iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi agogo ṣe, tí wọ́n sì ń kà owó lé e lọ́wọ́ ní ìparí oṣù, tuntun ni.

Ní 1907, irin náà dé Òṣogbo. Apá yìí gan-an ni ó kan àwọn abúlé tí ó wà ní àríwá àti ìlà-oòrùn Ìbàdàn. Láti Dùgbẹ̀, ọ̀nà náà yí gba apá Sáńgo àti Bódìjà, ó gba ibi tí a ń pè ní Akóbo lónìí, ó dé Lálúpọn, ó sì kọjá lọ sí Ìwó àti Ẹdẹ. Lálúpọn ní ibùdókọ̀ tirẹ̀. Ìlú kékeré tí ó wà láàárín oko wá di ibi tí a lè ti wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Irin dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Nígbà tí ó fi di 1912, a ti so irin Èkó pọ̀ mọ́ ti Kánò.

Kì í ṣe gbogbo agbègbè ni irin kàn. Kò gba ìhà Ọ̀nà-Ara kọjá. Àwọn àgbẹ̀ tí ó wà ní Àkánràn àti abúlé tí ó yí i ká ṣì ní láti ru ẹrù wá sí Ìbàdàn, títí tí ọkọ̀ akẹ́rù fi dé. Ní apá Akínyẹlé, ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ ni ó ṣáájú. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí wọ́n là ní 1906, ni ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ náà, iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n là á fún, kí ó lè máa kó ẹrù wá bá ọkọ̀ ojú irin. Nítorí náà, ibi tí irin gbà àti ibi tí kò gbà, kò sí èyí tí ìpinnu náà kò yí ìgbé ayé rẹ̀ padà.

Irin Sọ Oko Di Ìlú

Ìbàdàn àtijọ́ wà ní àyíká Ọjà’ba àti òkè Mápó. Dùgbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ sí jìnnà sí ibẹ̀, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Kò pẹ́ tí irin dé tí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìkẹ́rùsí sí tòsí ibùdókọ̀ náà, nítorí pé ibẹ̀ ni kòkó, èkùrọ́ àti òwú ń bọ̀ láti oko. Àwọn àjèjì tí ó bá ọkọ̀ wá náà nílò ibùgbé. Èkótẹ̀dó jẹ́ ẹ̀rí: orúkọ àdúgbò náà fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ará Èkó ni ó wá tẹ̀ ẹ́ dó. Ní 1916, wọ́n dá Sábó sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò Hausa. Obì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú òwò wọn. Obì tí ó jẹ́ pé ẹṣin, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti orí ènìyàn ni ó ń gbé e lọ sí òkè ọya tẹ́lẹ̀, inú ọkọ̀ ojú irin ni ó ń wọ̀ lọ sí Kánò.

Ìlú náà ń fẹ̀ sí i. Ìkànìyàn 1952 fi hàn pé ènìyàn 459,196 ni ó wà ní Ìbàdàn. Bí ìlú ti ń fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń sún mọ́ irin tí ó ti wà nínú igbó tẹ́lẹ̀. Kókó kan wà níhìn-ín tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ dì mú. Nígbà tí a bá rí ilé tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí irin lónìí, ó yá wa lára láti sọ pé, “Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀?” Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni ọ̀rọ̀ náà. Ilé mìíràn wà tí ó lọ bá irin. Abúlé mìíràn wà tí irin ni ó wá bá a. Ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ ti ń dáko níbẹ̀ kí 1907 tó dé, a kò lè pè é ní ẹni tí ó lọ wá wàhálà.

Bí Ilé Ṣe Ń Mì

Kí ni gbígbé ẹ̀bá irin túmọ̀ sí? Ariwo ni àlejò kọ́kọ́ ń gbọ́. Irin àtijọ́ kì í ṣe odindi; gígékúrú ni wọ́n gé e, wọ́n wá fi bóòtù dè é pọ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n sì fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ kí irin lè rí ibi nà sí nígbà tí oòrùn bá mú. Orí àlàfo wọ̀nyí ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń bọ́ sí tí ó fi ń dún fàkàfìkì, fàkàfìkì. Etí ọmọdé kò jẹ́ kí ìró náà ṣòfò. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sí i bí ẹni ń fi ọ̀rọ̀ sí ohùn ìlù, nítorí pé èdè olóhùn ni èdè Yorùbá, gbogbo ohun tí ó bá ń dún ni ó dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ariwo ni ìmìtìtì. Bí ọkọ̀ ẹrù tí ó wúwo bá ń kọjá, ilẹ̀ ni ó ń gba ìwúwo náà, ilẹ̀ ni ó sì ń gbé e dé ẹsẹ̀ ògiri. Ilé alámọ̀ tí kò ní ìpìlẹ̀ tí ó jinlẹ̀ ni ìyà rẹ̀ pọ̀ jù fún. Ìgbà òjò ni ó burú jù, tí ilẹ̀ ti rọ̀. Ògiri á sán díẹ̀díẹ̀, wọn á pò amọ̀ dí i, á tún sán. Àwo tí ó wà lórí pẹpẹ á máa gbọ̀n, fìtílà tí ó wà lórí tábìlì á máa sún. Àlejò á dìde fùú lórí ẹní lóru, onílé kò ní mọ̀ pé ohunkóhun kọjá. Ojú tí ó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù.

Iná náà wà níbẹ̀. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyí, èéfín ni wọ́n ń tú. Igi àti èédú ni wọ́n ń dáná sí i nínú kí omi tó hó, kí oruru omi náà tó ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ síwájú. Ní 1909 ni wọ́n rí èédú ní agbègbè Udi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wà á ní 1915, èyí tí ó mú kí rélùwéè ní èédú ilẹ̀ wa láti lò. Ẹ̀tanná a máa ta láti inú ẹ̀rọ náà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko ti gbẹ, ẹ̀tanná kan ṣoṣo tó láti jó oko tàbí òrùlé ewé. Ọkọ̀ tí ń lo epo dísù ni ó gba ipò àwọn ọkọ̀ eléèéfín nígbà tí ó yá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gún kì í wà lára igi kí igi náà má so èso. Irin fún àwọn ará ẹ̀bá rẹ̀ ní ọjà. Níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń gbé igbá lé orí sá tọ ojú fèrèsé ọkọ̀: ẹ̀kọ, àkàrà, ọsàn, iṣu sísun, omi tútù. Irin tún fún wọn ní agogo. Nínú abúlé tí kò sí aago lára ògiri, fèrè ọkọ̀ òwúrọ̀ ni ó ń sọ fún àgbẹ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ tó, ti ìrọ̀lẹ́ ni ó ń rán ìyàwó ilé létí pé kí ó gbé ìkòkò kaná. Irin sì tún fún wọn ní iṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀bá irin ni ilé wọn, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rin ojú irin láràárọ̀ láti wo ibi tí bóòtù ti tú, ibi tí òkúta ti ṣí kúrò lábẹ́ pákó, ibi tí omi òjò ti gbẹ́ ilẹ̀ lọ. Òpìtàn ará Amẹ́ríkà kan, Lisa Lindsay, kọ ìwé kan tí ó jáde ní 2003 lórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Ó ṣàlàyé bí owó oṣù ṣe yí ipò ọkọ padà nínú ilé, tí a fi wá ń wo ọkùnrin gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń mú owó wọlé, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìyàwó kò fi òwò tiwọn sílẹ̀.

Nígbà Tí Irin Sùn

Rélùwéè lágbára títí wọ ìgbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960. Láti ọdún 1970 lọ sókè ni agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tán. Owó epo rọ̀bì wọlé, ìjọba gbájú mọ́ títì, ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀. Ní 1978 ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ ojú irin tí ó ń kọjá lójoojúmọ́ wá ń kọjá lọ́sẹ̀, lẹ́yìn náà lóṣù, nígbà tí ó yá ó lè di ọ̀pọ̀ oṣù kí etí tó gbọ́ fèrè. Koríko hù láàárín irin. Àwọn ẹlẹ́ran so ewúrẹ́ mọ́ ọn, àwọn aláṣọ sá aṣọ lé e, àwọn ọmọdé fi ṣe pápá ìṣeré.

Ìgbà yìí gan-an ni ìlú Ìbàdàn ń ya lọ sí ìhà Lágelú àti Ẹgbẹ́dá bí omi tí ó kún. Oko ń di púlọ́ọ̀tì. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ wò ó pé irin yìí ti kú, ó sì kọ́ ilé sún mọ́ ọn. Ẹni tí kò rí owó ra ilẹ̀ pa búkà síbẹ̀. Ọjà náà sì ń tẹ̀lé wọn. Ìlú Èkó ni ó rí àṣejù ọ̀rọ̀ náà: ní Òṣòdì, orí irin gan-an ni wọ́n ń pàtẹ sí, tí wọ́n á kó ọjà kúrò bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, tí wọ́n á tún tẹ́ ẹ padà bí ó bá ti kọjá. Ó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009 kí ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá tó kó ọjà náà kúrò.

Àṣìṣe kan ni ó wà nídìí gbogbo èyí: irin kò kú, ó sùn ni. Ní oṣù kejìlá 2012, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ kó èrò láti Èkó lọ sí Kánò lórí irin àtijọ́ náà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá náà háyà ọkọ̀ ojú irin fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ náà tí ń ti Èkó bọ̀ wálé ọdún. Irin tí ọmọdé ti rò pé ilẹ̀ eré ni, òjijì ni ọkọ̀ ńlá yọ lórí rẹ̀. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ju ti ìgbà àtijọ́ lọ, nítorí pé àwọn ará ìgbà àtijọ́ mọ àkókò tí ọkọ̀ ń kọjá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò ní àkókò, ta ni yóò ṣọ́ ọ?

Irin Tuntun ní Mọníyà

Ní 2017 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn. Ilé-iṣẹ́ ará Ṣáínà tí à ń pè ní CCECC ni ó ṣe é. Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí i ní ọjọ́ 10, oṣù kẹfà, 2021. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 157, àlàfo irin rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 1,435. Ibi tí ó parí sí kì í ṣe Dùgbẹ̀ bí ti 1901. Mọníyà ni, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Wọ́n sọ ibùdókọ̀ náà lórúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ti Omi-Àdìó ń jẹ́ orúkọ Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, ti Abẹ́òkúta sì ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká.

Ìyàtọ̀ pọ̀ láàárín irin yìí àti ti àtijọ́, ó sì yẹ kí ará abúlé mọ̀ ọ́n. Wọ́n jó irin tuntun pọ̀ mọ́ ara wọn ni, wọn kò fi bóòtù dè é. Nítorí náà, kì í dún fàkàfìkì bí ti àtijọ́. Wọ́n kọ́ ọ fún ìsáré tí ó tó kìlómítà 150 ní wákàtí kan. Ọkọ̀ ń yára jù, ariwo rẹ̀ sì dínkù. Etí tí ó ti mọ́ ará oko lára láti fi ṣọ́ ọkọ̀ kò tún tó ṣọ́ ọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin kì í dúró bí mọ́tò. Bí awakọ̀ bá rí ọmọ lójú irin tí ó tẹ bíréèkì lójú ẹsẹ̀, ọkọ̀ náà ṣì lè rìn tó kìlómítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ó tó dúró. Irin lórí irin ni. Kò sí rọ́bà tí yóò di ilẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti ọkàn líle awakọ̀.

Ní ọjọ́ 9, oṣù kẹta, 2023, ní ìlú Èkó, ọkọ̀ ojú irin kọlu bọ́ọ̀sì tí ó kó òṣìṣẹ́ ìjọba níbi tí títì ti sọdá irin ní àdúgbò PWD. Ènìyàn mẹ́fà ni ó kú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì farapa. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Gbogbo ibi tí ó ń jẹ́ Ojúurin, ibi ìsọdá ni, ọgbọ́n yìí sì kàn wọ́n.

Ilẹ̀ Ta Ni?

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Ní àṣà Yorùbá, ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ti ẹbí ni: ti àwọn tí ó ti kú, ti àwọn tí ó wà láàyè, àti ti àwọn tí a kò tíì bí. Òfin Ìlò Ilẹ̀ tí ó jáde ní oṣù kẹta 1978 wá fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ àkóso gómìnà, kí ó máa bójú tó o fún gbogbo ará ìlú. Bí ìjọba bá fẹ́ lo ilẹ̀ fún iṣẹ́ gbogbogbòò bí rélùwéè, ó lè gbà á. Owó tí òfin náà ní kí wọ́n san dá lórí ohun tí ó wà lórí ilẹ̀: ilé, igi eléso, irè oko. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní iye lórí, àyàfi owó ìṣákọ́lẹ̀ tí onílẹ̀ bá ti san fún ọdún tí wọ́n gbà á.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àgbẹ̀. Igi kòkó tí bàbá gbìn, ọmọ yóò ká a, ọmọ ọmọ lè ká a. Bí wọ́n bá ka igi náà tí wọ́n sì sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó náà á tán, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ì bá tún gbin òmíràn sí kò sí mọ́. Àgbẹ̀ tí kò ní ìwé, tí ó jẹ́ pé ẹ̀rí ẹnu àwọn àgbà ni ó fi mọ ààlà rẹ̀, yóò ṣòro fún un láti fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ hàn. Ó yẹ kí a sọ apá kejì náà. Ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ilé sórí ilẹ̀ rélùwéè lẹ́yìn tí irin ti wà níbẹ̀ kò ní irú ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tí irin wá bá nílé. Àìya ọ̀ràn méjèèjì sọ́tọ̀ ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ nígbà tí katakata bá dé láti wó ilé.

Ní Ilẹ̀ Òkèèrè

Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní 1896, ọdún kan náà tí irin bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ irin Uganda láti Mombasa ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà; ní 1901 tí tiwa dé Ìbàdàn ni tiwọn dé adágún Victoria. Ọ̀nà náà gba Nairobi kọjá. Nígbà tí ó yá, àwọn tálákà kọ́ ilé kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní Kibera, títí ilé àti ọjà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ọkọ̀. Nígbà tí ìjọba fẹ́ tún ẹ̀bá irin náà ṣe ní ọ̀rúndún yìí, wọ́n ka àwọn tí ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé àti ìsọ̀ tuntun fún wọn, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé. Ní Hanoi, ní ilẹ̀ Vietnam, ọ̀nà irin tí àwọn Faransé là gba àárín ilé kọjá débi pé àwọn arìnrìn-àjò láti òkèèrè ń lọ wò ó. Àwọn onílé sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí. Ní oṣù kẹwàá 2019, ìjọba ní kí wọ́n ti àwọn ìsọ̀ náà nítorí ewu.

Nínú ọ̀nà méjèèjì, ti Kibera ni ó sún mọ́ ìwà ọmọlúwàbí jù. A kì í lé ènìyàn kúrò lójú ewu lọ sí ojú òfo.

Ohun Tí Ó Kù Láti Ṣe

Ìtàn yìí kò tíì parí. Bí irin bá ti dé Mọníyà, oko tí ó yí i ká yóò di ìlú bí Dùgbẹ̀ ṣe dì í. Àwọn tí ń ta ilẹ̀ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí àwọn mọ́gàjí ẹbí, àwọn baálẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ náà mọ̀ ọ́n, kí wọ́n fi àmì sí ibi tí ilẹ̀ rélùwéè dé, kí wọ́n má ṣe ta á fún ẹni tí kò mọ̀. Ibi tí abúlé àti ilé-ìwé bá wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì irin, afárá ẹlẹ́sẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ẹ̀tọ́ ni.

Iṣẹ́ wà fún àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Ìwé ìtàn ti kọ orúkọ àwọn gómìnà sílẹ̀. Ó ku orúkọ àwọn abúlé. Ní Lálúpọn, ní Akóbo, ní Mọníyà, àwọn àgbà ṣì wà tí ó lè sọ ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró, ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀, oko ẹni tí irin gé sí méjì, àti orúkọ tí wọ́n ń pe ibẹ̀ kí ó tó di Ojúurin. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwé àti kálámù, kí ó kí wọn dáadáa, kí ó jókòó tì wọ́n. Arúgbó kan tí ó bá kú láìsọ tirẹ̀, oko kan ni ó wọ inú igbó lọ, tí ààlà rẹ̀ sì pa rẹ́.

Nígbà mìíràn tí ọmọ ọkọ̀ bá ké “Ojúurin,” kí ẹni tí yóò bọ́ sílẹ̀ wo ọ̀tún, kí ó wo òsì, kí ó tó sọdá. Irin yẹn ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ níbẹ̀. Ó ṣì wà.